Sùúrù Wa Kò Tán, Ìta Ni A Ń Ná An Sí

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́, ní Sakété, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìhà Tógò.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí yóò korò lẹ́tí àwọn kan. Kò burú, ó ti kọ́kọ́ korò lẹ́tí tèmi ná. Olùkọ́ ni mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé Faransé, mo sì ní ọmọ márùn-ún nílé. Níbi gbogbo tí àwa òbí bá ti pàdé, yálà níbi ìsọmọlórúkọ, níwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun jímọ̀, tàbí lọ́jọ́ tí a bá pè yín wá gba bulletin àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń gbọ́: "Maître, ọmọ ayé ìsinsìnyí! Sùúrù mi ti tán lórí wọn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Irọ́ ni. Sùúrù wa kò tán. Ìta ni a ń ná an sí, a kì í mú un wálé.

Ẹ wo ara wa dáadáa. Ọkùnrin kan kó ọjà láti Nàìjíríà, ó dé bodè. Wọ́n dá a dúró sínú oòrùn fún wákàtí mẹ́ta. Ọmọdé aṣọ́bodè tó kéré sí àbúrò rẹ̀ ń pè é ní "ìwọ". Ọkùnrin yìí ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣí fìlà: "Chef, ẹ bá wa ṣe é, ẹ jọ̀ọ́." Obìnrin kan ń ta aṣọ lọ́jà. Oníbàárà tú gbogbo igbá rẹ̀ ká, ó na ogún aṣọ wò, kò ra ẹyọ kan. Obìnrin yìí ní, "Kò burú, ẹ padà wá o." Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ńkọ́? Inspecteur kan wọ kíláàsì mi rí, ó bá mi wí lójú àwọn ọmọ bí ẹni tó ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ wí. Mo ní, "Ẹ ṣé o, monsieur l'inspecteur." Mo tún bá a gbé àpò rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ọmọ ọdún méje da omi sórí ẹní, ilé gbóná bí ààrò.

Kí ni ìyàtọ̀? Aṣọ́bodè lè gba ọjà. Oníbàárà lè gbé owó rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ kejì. Inspecteur lè kọ ìwé tí kò dára nípa mi. Ọmọ kò lè ṣe wá ní nǹkan kan. Nítorí náà, ohun tí a ń pè ní sùúrù níta, ìbẹ̀rù ni. Ohun tí a sì ń pè ní ẹ̀kọ́ nílé, ìbínú tó rí ẹni tí apá rẹ̀ ká ni. Àwọn baba wa kúkú ti sọ ọ́ pé ìbínú kò mọ̀ pé olówó òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú tiwa mọ̀ ọ́n o! Ó mọ ẹni tó yẹ kó fò kọjá, ó sì mọ ẹni tó yẹ kó bà lé lórí.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a, ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Nínú hádíìsì tí Bùkárì àti Músílímù jọ gbà wá, ó kọ́ wa pé ẹni tó ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ níbi ìjàkadì kọ́ ni alágbára. Ẹni tó lè kó ara rẹ̀ ní ìjánu nígbà tí inú bá ń bí i ni. Ẹ wá wò ó: bàbá tó ga, tó sanra, tó gbé ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣánlẹ̀, ṣé alágbára la ó pe ìyẹn?

Kí n tó na ìka sí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ní ọdún 2023, nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kpayo wọ́n lọ́dọ̀ wa, owó zémidjan gbé ẹsẹ̀ sókè, oúnjẹ ọjà sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn oṣù wọ̀nyẹn ṣe rí. Lọ́jọ́ kan, mo fún ọmọkùnrin mi kejì ní ẹgbẹ̀rún méjì fráǹkì pé kó lọ ra gàrí àti epo pupa wá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Ó yà síbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, owó bọ́ sọnù. Ọmọ náà jẹ̀bi, mi ò sọ pé kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo fa bẹ́líìtì yọ ní ìdí mi. Mi ò ka iye. Ìyá rẹ̀ bọ́ sáàárín, ó ní, "Baálé mi, ó tó, ẹ forí jì í nítorí Ọlọ́hun." Mo tì í sẹ́yìn. Ìgbà tí apá ro mí ni mo tó dúró, kì í ṣe ìgbà tí ọmọ gba ẹ̀kọ́.

Wọ́n pe ìrun iṣáì. Mo ṣe àlùwàlá, mo kí ìrun nínú yàrá. Bí mo ṣe forí kanlẹ̀, mò ń gbọ́ ọmọ náà lẹ́yìn ògiri, ó ń gbé ẹkún mì kí n má baà gbọ́. Mo wá pẹ́ ní ìforíkanlẹ̀. Kì í ṣe pé mò ń bẹ Ọlọ́hun. Mi ò fẹ́ dìde kí ojú mi bá ojú rẹ̀ pàdé ni. Ibẹ̀ ni hádíìsì kan tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré nílé kéwú ti sọ sí mi lọ́kàn. Ànábì a máa bẹ̀rẹ̀ ìrun pẹ̀lú èrò àtifà á gùn. Bó bá gbọ́ ẹkún ọmọ kékeré lẹ́yìn, a gé e kúrú, nítorí ó mọ bí ẹkún náà yóò ṣe máa dun ìyá ọmọ. Ànábì gé ìrun kúrú nítorí ẹkún ọmọ ọlọ́mọ. Èmi fa ìrun gùn kí n má baà dá ọmọ tèmi lóhùn, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo mú un sunkún.

Kí sì ni nínà yẹn kọ́ ọ? Ẹ jẹ́ kí n fi ojú olùkọ́ dáhùn. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, owó mìíràn tún sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ òótọ́ fún mi. Ó ní wọ́n gbà á lọ́wọ́ òun lójú ọ̀nà ni, ó sì dárúkọ ọmọ aládùúgbò kan. Mo ti wọ bàtà tán láti lọ bá bàbá ọmọ náà jà, kí àbúrò rẹ̀ obìnrin tó tú àṣírí. Bẹ́líìtì mi kò kọ́ ọ bí a ṣe ń tọ́jú owó. Irọ́ pípa ló kọ́ ọ. Ọmọ tó jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ kan tẹ́lẹ̀ wá di ọmọ tó jẹ̀bi mẹ́ta: ó sọ owó nù, ó parọ́, ó sì purọ́ mọ́ ẹni tí kò mọ̀wọ̀ mẹsẹ̀. Èmi ni mo sì kọ́ ọ ní méjì tó kẹ́yìn.

Ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ Ànásì ọmọ Màlíkì. Nígbà tí Ànábì ṣí lọ sí Mẹ̀dínà ní ọdún 622, ọmọ bí ọdún mẹ́wàá ni Ànásì, wọ́n sì mú un wá kó máa ran Ànábì lọ́wọ́. Ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún bí ọdún mẹ́wàá. Nígbà tó dàgbà, ó jẹ́rìí pé Ànábì kò pòṣé sí òun rí, kò sì bi òun rí pé kí ló dé tí o ṣe èyí, tàbí kí ló dé tí o kò ṣe tọ̀hún. Lọ́jọ́ kan, Ànábì rán an níṣẹ́. Ó jáde, ó bá àwọn ọmọdé tó ń ṣeré lọ́jà, ó dúró. Ṣé ẹ rí i? Iṣẹ́ tí a rán ọmọ, eré tó yà ọmọ lójú ọ̀nà: ọ̀rọ̀ Ànásì, ọ̀rọ̀ ọmọ tèmi. Ó kàn rí i pé ẹnì kan di òun mú lọ́rùn láti ẹ̀yìn. Ó bojú wẹ̀yìn, Ànábì ni, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó fi orúkọ ìkẹ́ pè é, ó bi í bóyá ó ti dé ibi tí òun rán an. Ànásì ní òun ń lọ báyìí. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ pé ẹrù tòun ló wúwo jù ni òun ṣe ń bínú, kó rántí ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin tó ń darí ìlú, tí ogun ń wá bá, tí àwọn ikọ̀ ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀, tí oṣù ń yọ tí wọn kò dá iná oúnjẹ nílé rẹ̀, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ọmọ ju ẹyọ kan lọ. Ẹrù tirẹ̀ kò fúyẹ́ ju tiwa.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Mo ti gbọ́ ọ, èmi náà ti sọ ọ́ rí.

Èkíní: "Maître, ṣebí hádíìsì ló ní kí a na ọmọ bó bá pé ọdún mẹ́wàá?" Ó wà lóòótọ́, Àbù Dáúdà gbà á wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kà á tán, kí a má bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Hádíìsì náà ní kí a pàṣẹ ìrun fún ọmọ ní ọdún méje. Láti méje dé mẹ́wàá, ọdún mẹ́ta ni. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò bí a ṣe ń ṣe é ní CM2. Ọdún òṣùpá jẹ́ ọjọ́ 354. Ìrun márùn-ún lójúmọ́, ìyẹn 1,770 lọ́dún kan. Ọdún mẹ́ta, 5,310. Ìgbà 5,310 ni ohùn òbí ti gbọ́dọ̀ pe ọmọ sí ìrun kí ọ̀rọ̀ nínà tó yọjú rárá. Ta ni nínú wa ló ti pè é ní ẹgbẹ̀rún kan? Àwọn mìíràn wà tí wọn kì í jí ọmọ sí ìrun àṣùbáà, tí àwọn fúnra wọn ń sùn, ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ hádíìsì ọdún mẹ́wàá lórí. Ọ̀rọ̀ ìrun sì ni hádíìsì yẹn dá lé. Kò sọ̀rọ̀ àwo tó fọ́, kò sọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún méjì fráǹkì, kò sọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin tó tọ̀ sórí ibùsùn. Àwọn onímọ̀ tó sì ṣàlàyé rẹ̀ fi òdiwọ̀n sí i: kò gbọdọ̀ dá ọgbẹ́, kò gbọdọ̀ kan ojú, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ láti tu ìbínú ẹni tó ń nà. Ànábì tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, Àíṣà ìyàwó rẹ̀ jẹ́rìí pé kò fi ọwọ́ rẹ̀ lu obìnrin tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ rí. Ìgbà wo ni a gba ìyọ̀ǹda kan lẹ́nu rẹ̀, tí a kọ ìṣe rẹ̀ gbogbo ayé sílẹ̀?

Èkejì: "Wọ́n na àwa náà, a ò kú, a sì dára." Ṣé a dára? Tí a bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ọ̀pọ̀ wa kò lè jókòó bá bàbá wa sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá títí tí ọlọ́jọ́ fi dé? Àwọn tí mo bá wọ kíláàsì àkọ́kọ́ ní abúlé wa, kì í ṣe gbogbo wa la dé CM2. Àwọn kan sá nítorí pàṣán. Òmíràn gba oko lọ, òmíràn kọjá bodè lọ sí Èkó, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Àwọn tí pàṣán bà jẹ́ kò sí níbí láti dá wa lóhùn. Wọn kò mọ ìwé tí wọn ó fi ka ohun tí mo kọ yìí. Àwa tí a yè é là ń sọ pé kò pa wá.

Ẹ̀kẹta, èyí tí wọ́n máa ń fi pariwo jù: "Ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn." Òótọ́ ni pé òfin wà. Tógò ṣe òfin ààbò ọmọdé ní ọdún 2007, Bẹ̀nẹ̀ ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2015, méjèèjì ló sì kọ lílu ọmọ nílùkulù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tí ẹ ń ka Yorùbá lójú ewé yìí, ta ló kó pàṣán wọ ilé ìwé wa? Ẹ bi àwọn àgbà. Ní ilé ìwé àwọn Faransé láyé ìjọba amúnisìn, ọmọ tó bá ti ẹnu bọ èdè ìyá rẹ̀, wọ́n á so ohun kan mọ́ ọn lọ́rùn tí wọ́n ń pè ní symbole. Yóò máa gbé e kiri títí yóò fi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ọ̀dọ̀ ẹni tó bá ti kù sí nírọ̀lẹ́, òun ni yóò jẹ ẹgba. Pàṣán yẹn ni wọ́n fi ń lé Yorùbá kúrò lẹ́nu wa. Lónìí a dì í mú ṣinṣin, a ní àṣà wa ni, a ní ẹ̀sìn wa ni. Àánú ọmọdé kò ti Paris wá. Ó ti wà ní Mẹ̀dínà nígbà tí Ànábì ń kírun tó gbé Ùmámà, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, sí èjìká: bó bá fẹ́ forí kanlẹ̀, a gbé e sílẹ̀, bó bá dìde, a tún gbé e.

Mo mọ̀ pé ọkùnrin ìgbà náà kan wà tó jọ wa gan-an. Akíráà ọmọ Hábísì, olórí láàárín ẹ̀yà rẹ̀, rí Ànábì tó fi ẹnu ko ọmọ ọmọ rẹ̀ Hásánì lẹ́nu. Ó yà á lẹ́nu. Ó ní ọmọ mẹ́wàá ni òun bí, òun kò fi ẹnu ko ọ̀kan rí. Ó rò pé ìyìn ni òun yóò gbà. Ànábì wò ó, ó sì dá a lóhùn pé ẹni tí kì í ṣàánú, a kì yóò ṣàánú rẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mélòó nínú wa ni Akíráà? Mélòó nínú wa ló rò pé bí ọmọ bá ń sá wọ yàrá nígbà tó bá gbọ́ ìró alùpùpù wa, ọ̀wọ̀ nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ bá àwọn áfáà wa sọ pẹ̀lú ìtẹríba. Ẹ dákun, nígbà tí ẹ bá ń wàásù sùúrù, ẹ má kọjú sí apá ibi tí àwọn obìnrin jókòó sí nìkan. Obìnrin jí ṣáájú àṣùbáà, ó pọn omi, ó wẹ ọmọ mẹ́ta, ó dáná, ó lọ sọ́jà, ó dé, ó tún dáná, èyí tó ń mu ọmú kò jẹ́ kó sùn. Ọkọ lọ síbi iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ó ń fi owó ránṣẹ́ nígbà tó bá rí. Bí obìnrin yìí bá fìbínú gbá ọmọ létí, a ó ní "Ìyá, ẹ ṣe sùúrù." Sùúrù wo? Ẹni tó ní kí a ní sùúrù láìbá wa sọ ẹrù kalẹ̀, ó kàn fẹ́ ká dákẹ́ ni. Àwọn kan bi Àíṣà pé kí ni Ànábì máa ń ṣe nínú ilé. Ó ní iṣẹ́ ilé ló máa ń bá ará ilé rẹ̀ ṣe. Bí àkókò ìrun bá tó, a jáde lọ kírun. Ọlọ́hun tó ní òun kì í di ẹrù tó ju agbára ẹ̀mí lọ rù ú, tó yọ̀ǹda fún abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú tí ààwẹ̀ bá ń ni lára pé kó ṣínu, ta ni àwa tí a fi ń kún ẹrù rẹ̀? Bí ìyàwó rẹ bá ń pariwo mọ́ ọmọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, má ṣe wàásù fún un. Gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Fún un ní wákàtí kan kó sùn. Sunna ni.

Ẹ̀yin ìyá náà, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ tiyín. Ẹnu. Inú bí ìyá, ó gbé ọwọ́ lérí: "Ìwọ ọmọ yìí, ayé rẹ kò ní dára! Bí o ṣe ń fìyà jẹ mí, ọmọ tìẹ náà á fìyà jẹ ọ́!" Ẹ ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, inú kò sí i. Ṣùgbọ́n hádíìsì Jábírì tó wà lọ́dọ̀ Músílímù kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣépè fún ara wa, kí a má ṣépè fún ọmọ wa, kí a má ṣépè fún dúkìá wa, kó má baà bọ́ sí wákàtí tí Ọlọ́hun ń gba ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá áfáà kiri láti ṣe àdúrà fún ọmọ yín kó lè yege CEP, ẹ san owó, ẹ pa ẹran, ẹ ṣe sàráà, bẹ́ẹ̀ ẹ ti fi ẹnu ara yín ba àdúrà yẹn jẹ́ láàárọ̀ nídìí ààrò. Bí ẹnu bá yún yín nígbà ìbínú, ẹ pariwo rere: "Ọlọ́hun á sọ ọ́ di àlùfáà! Ọlọ́hun á sọ ọ́ di dókítà!" Ẹ lè fi ohùn èpè gbé àdúrà. Ọmọ á gbọ́ pé inú ń bí yín, àwọn mọ̀láíkà á sì kọ rere sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé maître ní kí a jẹ́ kí ọmọ ya ìpáǹle. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à fi òsì fà á mọ́ra. Òwe yẹn ní ọwọ́ méjì; ọwọ́ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wa ń lò. Sùúrù kì í ṣe jíjókòó kí a ká apá wò. Nínú Súrà Tọ́há, nígbà tí Ọlọ́hun ní kí Ànábì pàṣẹ ìrun fún àwọn ará ilé rẹ̀, ó fi kún un pé kó ní sùúrù lórí rẹ̀. Àṣẹ àti sùúrù nínú gbólóhùn kan. Ìyẹn ni pé kí o sọ ọ́ lónìí, kí o sọ ọ́ lọ́la, kí o tún sọ ọ́ lọ́tunla, bí ẹni pé òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́. Àwa olùkọ́ mọ èyí. Ọmọ tí kò mọ ìyàtọ̀ b àti d, pàṣán kò ní fi hàn án. Ìgbà ogójì ni a ó kọ ọ́ sójú pátákó.

Ẹ sì wo Ànábì Yàkúbù. Ta ló bí ọmọ tó burú ju tirẹ̀ lọ? Wọ́n ju àbúrò wọn sínú kànga, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ èké ra ẹ̀wù rẹ̀, wọ́n wá dúró níwájú bàbá wọn, wọ́n ń sunkún irọ́. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ní sùúrù tó rẹwà ló kù. Sùúrù yẹn kò sì sọ pé kó má sunkún. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi funfun. Ọlọ́hun ló gbé ẹkún rẹ̀ lọ bá, kò gbé e lé orí wọn. Lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, "ẹ̀yin ọmọ mi" ló ṣì ń pè wọ́n. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ojú tì wọ́n, wọ́n mọ ilé ẹni tí wọn yóò lọ. Ọ̀dọ̀ bàbá wọn ni wọ́n lọ bẹ̀bẹ̀ pé kó tọrọ àforíjìn fún àwọn. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: lọ́jọ́ tí ọmọ wa bá kó sínú wàhálà gidi, tí ọmọbìnrin wa bá fẹ́ra kù, tí ọmọkùnrin wa bá jẹ gbèsè, ṣé ọ̀dọ̀ wa ni yóò sáré wá ni, àbí a ni yóò sá fún? Ọlọ́hun sọ fún Ànábì gan-an nínú Súrà Ìmúránà pé ká ní ó le ni, tí ọkàn rẹ̀ sì yigbì, àwọn ènìyàn ìbá túká lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá lè túká lọ́dọ̀ Ànábì nítorí líle, ta ni yóò dúró lọ́dọ̀ tèmi tìrẹ?

Òfin kan ṣoṣo ni mo ṣe sílé mi láti ọdún yẹn, mo sì fún yín lọ́fẹ̀ẹ́: ìrun kan gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹ̀ṣẹ̀ àti ìdájọ́. Bí ọmọ bá ṣẹ̀ lẹ́yìn àlásárì, mi ò ní dá a lẹ́jọ́ títí a ó fi kí mọ̀ńgàríbà. Bí mo bá wà lórí ìdúró, mo jókòó. Bí mo bá wà ní ìjókòó tí kò lọ, mo dùbúlẹ̀. Mo pa ẹnu mi dé. Mo lọ ṣe àlùwàlá. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ohun tí a gbà wá lọ́dọ̀ Ànábì. Lẹ́yìn ìrun ni mo máa pe ọmọ. Ìdájọ́ a máa wà o! Ẹni tó sọ owó nù yóò fọ abọ́ ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní gbá bọ́ọ̀lù títí yóò fi tán. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò kéré sí i lẹ́yìn ìrun. Ìgbà mìíràn mo ti ṣubú, mi ò ní parọ́ fún yín. Ohùn mi ṣì máa ń lọ sókè. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì kò kúrò ní ìdí mi mọ́.

Mo sì bẹ ọmọ náà. Ó pẹ́ kí n tó lè ṣe é; ó le ju kí n bẹ inspecteur lọ. Mo pè é sí iwájú ilé lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ní, "Ohun tí mo ṣe sí ẹ lọ́jọ́ owó gàrí yẹn kò dára. Mo bẹ̀ ẹ́." Ó wò mí títí. Ó wá bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti rí owó náà ni?"

Kò mọ̀ pé ènìyàn lè bẹ òun láìjẹ́ pé òun kò jẹ̀bi. Bí ọmọ mi ṣe mọ̀ mí tó nìyẹn, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án lábẹ́ òrùlé kan. Ẹ̀yin ará mi, ẹ má jẹ́ kí ti ọmọ yín rí bẹ́ẹ̀. Lónìí, kí a tó wọlé, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rín tí a rín fún aṣọ́bodè, ohùn tútù tí a fi dá oníbàárà lóhùn, ẹ jẹ́ kí a mú díẹ̀ nínú rẹ̀ wọlé fún ẹni tó ni ín.

Ẹni tí kò bá gbà, kó wí tirẹ̀, mò ń gbọ́. Ọlọ́hun kó fi àwọn ọmọ wa tu wá lójú, kó sì má jẹ́ kí àwa jẹ́ ẹkún fún wọn. Àmín. Máàsálámù.